Kílọ́ọ̀ṣì Ọlọ́ìlì Ara Alùpùpù Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹ̀ka Kano bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù

  

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tèmi nínú ẹgbẹ́ yìí ni kí n ka ohun tí a sọ ní ìpàdé tó kọjá, kí n sì kọ owó oṣù tí ẹ bá san sínú ìwé. Èmi kì í ṣe ẹni tí í dìde sọ̀rọ̀ níwájú àwọn àgbà. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo kà mọ. Ohun tí mo mọ̀ nípa alùpùpù, inú ìsọ̀ mi ni mo ti mọ̀ ọ́n, láàárín ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti ń ta sípíà páàtì ní Sabon Gari yìí. Ṣùgbọ́n Alàgà ní dandan ni kí n sọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé wa tó kọjá, nítorí pé ó kan àpò ẹgbẹ́, ó sì kan èmi fúnra mi.

Ẹ ó rántí pé arákùnrin wa kan kọ ìwé pé kí ẹgbẹ́ yá òun ní 180,000 náírà láti fi tún alùpùpù òun ṣe. Mo ti gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó sọ ìtàn náà. Ó ní kí n sọ ọ́, kí n ṣáà má dárúkọ òun. Àwọn kan nínú wa rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní, “Ọkùnrin yìí, kí ló dé tí o kò ta á, kí o ra Bajaj kékeré kan?” Wọn kò mọ ìdí ọ̀rọ̀. Alùpùpù náà ni Honda VF750F, irú èyí tí wọ́n gbé jáde ní 1983. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló rà á ní Ìlú Ọba, tó sì fi ránṣẹ́ sílé nínú kọ̀ǹtéènà. Ẹ̀gbọ́n náà ti di olóògbé. Ohun tó kù tí àbúrò fi ń rántí rẹ̀ kò ju alùpùpù yìí àti àwòrán kan tó wà lára ògiri lọ. Kò lè tà á.

Wàyí o, kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Ẹ́ńjìnnì á máa ké tìrìn-tìrìn, alùpùpù kò sì ní yára. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì ní péléètì kílọ́ọ̀ṣì ló ti jẹ. Wọ́n tú ẹ́ńjìnnì, wọ́n rán ọmọ iṣẹ́ wá sí ìsọ̀ kan láti ra péléètì tuntun. Ìsọ̀ ta ni? Ìsọ̀ tèmi ni. Mo wá ọjà náà fún un, mo gba owó, mo ní “ẹ kú ọjà,” n kò bèèrè ọ̀rọ̀ kan. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, kílọ́ọ̀ṣì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀. Nígbà yìí, wọ́n sọ fún un pé péléètì tí wọ́n rà kì í ṣe ojúlówó, kí ó lọ wá èyí tó ti òkè òkun wá, kí ó sì ra sípíríǹgì rẹ̀ àti agbọ̀n tí péléètì ń jókòó sí. Gbogbo rẹ̀ ló di 180,000 náírà.

Bí mo ti ń kọ ẹ̀bẹ̀ owó náà sínú ìwé, mo kàn bi í ní ìbéèrè kan ni. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé láti ìgbà tí ẹ bá ti gbé e kúrò nílé ní òwúrọ̀ ló ti ń yọ̀?” Ó ní, “Rárá o. Ní òwúrọ̀, á dára bí ọmọ tuntun. Ìgbà tí mo bá ti rìn fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tí ara rẹ̀ gbóná, ìgbà náà ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá dúró kí n fi mu omi, tí ó tutù, á tún gbé mi.” Mo gbé bírò sílẹ̀. Péléètì tó bá ti jẹ kì í sinmi lábẹ́ igi kó tún hù. Ojú tì mí, nítorí pé bí mo bá ti bèèrè ọ̀rọ̀ yẹn lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ wá ra ọjà, a kì bá tí tú ẹ́ńjìnnì ẹni ẹlẹ́ni lásán. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Orí ni a bẹ́ níbẹ̀ yẹn, èmi ni mo sì ta àdá.

Kí n tó sọ ohun tí a rí, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan hàn yín. Sírínjì méjì nìyí, irú èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń gún wa ní abẹ́rẹ́. Mo fi okùn rọ́bà tí wọ́n fi ń fa omi sí aláìsàn lára so ẹnu wọn pọ̀, omi ló sì kún inú wọn. Ẹ wò ó: bí mo ti ń ti ti ọwọ́ ọ̀tún wọlé, bẹ́ẹ̀ ni ti ọwọ́ òsì ń yọ jáde. Kò sí wáyà níbẹ̀. Omi ló gbé agbára láti ibì kan dé ibì kejì, nítorí pé a kì í lè fún omi kó kéré. Ó dára. Mo wá fa afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i báyìí. Mo ti ti ọwọ́ ọ̀tún títí, ti òsì kò mira. Afẹ́fẹ́ ló ń sún kì, òun ló ń jẹ agbára mi mọ́ ọ̀nà. Ìyá wa tó jókòó níwájú yìí ń mi orí, ó ti yé wọn.

Bí kílọ́ọ̀ṣì ọlọ́ìlì ti rí gan-an nìyẹn. Lára alùpùpù kékeré tí a mọ̀, bíi Honda CG125, Jincheng àti Bajaj Boxer, wáyà ni ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì ń fà. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn ará Japan bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ́ìlì rọ́pò wáyà lára púpọ̀ nínú àwọn alùpùpù ńlá wọn. Honda VF750F ti 1983 ní in, Gold Wing GL1200 tó jáde ní 1984 ní in, Kawasaki GPZ900R tí òun náà jáde ní 1984 ní in. Àwọn wọ̀nyí ni ẹ ń pè ní páwà báìkì. Bí ẹ bá rí agolo ọ́ìlì kékeré lórí ọwọ́ òsì, tó jọ ti bíréèkì tó wà lórí ọwọ́ ọ̀tún, ẹ mọ̀ pé ọlọ́ìlì ni.

Sírínjì òkè wà lábẹ́ agolo náà. Àwọn mẹkáníìkì mọ́tò ń pè é ní ọ́pà. Ti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń pè ní lówà. Lára VF750F, apá òsì ẹ́ńjìnnì ló wà, nítòsí jíà tí ṣéènì ń yí lórí. Họ́ọ̀sì ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Bí o bá fún ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, písítìn ọ́pà á ti ọ́ìlì sísàlẹ̀, ọ́ìlì á ti písítìn lówà, lówà á sì ti ọ̀pá irin gígùn kan tó la inú ẹ́ńjìnnì já lọ sí apá ọ̀tún, níbi tí àwọn péléètì wà, á sì yà wọ́n kúrò lára ara wọn. Bí o bá dá ọwọ́ dúró, sípíríǹgì kílọ́ọ̀ṣì á ti gbogbo wọn padà, ọ́ìlì á sì gòkè lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù nìyí. Nínú ọ́pà, lábẹ́ agolo ọ́ìlì, ihò méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan tóbi díẹ̀. Èkejì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ìránṣọ lè má wọ̀ ọ́. Ihò kékeré yìí ni olórí ìdílé. Nígbà tí ọwọ́ rẹ kò bá sí lórí kílọ́ọ̀ṣì, ihò yìí gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀, kí ọ́ìlì tó bá wú nítorí ooru ẹ́ńjìnnì lè ríbi gbà padà sínú agolo. Òun náà ni kì í jẹ́ kí a máa tún kílọ́ọ̀ṣì ọlọ́ìlì fà bí a ti ń fa ti oníwáyà. Bí péléètì ti ń jẹ, ọ́ìlì ń fúnra rẹ̀ ṣe àtúnṣe láti ojú ihò yẹn.

Bí ihò náà bá wá dí ńkọ́? Ọ́ìlì á gbóná, á wú, kò ní ríbi lọ. Á máa ti lówà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan ń fi ìka kan fún ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn rẹ láìjẹ́ kí o mọ̀. Péléètì kò ní dì mọ́ra dáadáa, wọn á máa yọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ọ́ìlì á sún kì, kílọ́ọ̀ṣì á tún mú. Ẹ ò rí i pé ohun tí arákùnrin wa ròyìn gẹ́lẹ́ nìyẹn?

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba owó. Ẹ gùn ún títí á fi máa yọ̀. Ẹ dúró, ẹ gbé jíà sí fírì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Lára lówà, nípù kékeré kan wà tó ní ìdérí rọ́bà. Sípánà 8 ló sábà máa ń wọ̀ ọ́. Ẹ fi rọ́bà wẹ́rẹ́ sẹ́nu rẹ̀, ẹ fi èkejì rọ́bà náà sínú ìgò, kí ẹ sì ṣọ́ra, nítorí ara ẹ́ńjìnnì gbóná. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ tú nípù náà díẹ̀. Bí ọ́ìlì bá fúnra rẹ̀ tú pẹẹ́, ẹ dì í padà, kí ẹ tún gùn ún. Bí kílọ́ọ̀ṣì bá ti mú lójú ẹsẹ̀, òkè ni àìsàn wà, kì í ṣe nínú ẹ́ńjìnnì. Bí nǹkan kan kò bá tú jáde, tó sì tún ń yọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ìgbà náà ni kí ẹ tó máa ronú péléètì àti sípíríǹgì.

Àwa méjèèjì lọ ṣe é ní ọjọ́ Sátidé. Mo ní kí mẹkáníìkì rẹ̀ náà wá. A gùn ún lọ, a gùn ún bọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀. Mo tú nípù: pẹẹ́! Ọ́ìlì tó jáde sì dúdú bí àdín àgbọn tó jóná. Arákùnrin wa gun alùpùpù, ó sì bá tirẹ̀ lọ títí a kò fi rí i mọ́. Nígbà tó padà dé, kò lè sọ̀rọ̀. Mẹkáníìkì náà kúnlẹ̀ wo nípù yẹn fún ìgbà pípẹ́, ó wá ní, “Tò, na gane.” Kí ẹ má rò pé olè ni ọmọkùnrin náà. Orí àwọn alùpùpù oníwáyà ló ti kọ́ṣẹ́. Lára oníwáyà, bí kílọ́ọ̀ṣì bá ń yọ̀, yálà wáyà le jù tàbí péléètì ti jẹ ló sábà máa ń fà á. Láti 2013 tí ìjọba Kano ti ní kí alùpùpù má gbé èrò mọ́, púpọ̀ nínú àwọn àgbà mẹkáníìkì alùpùpù ti yí sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ìmọ̀ràn mi ni pé bí ẹ kò bá rí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú àwọn alálùpùpù, ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe bíréèkì mọ́tò. Ọ̀pọ̀ mọ́tò tí a ń fi ọwọ́ já jíà rẹ̀ ló ní ọ́pà àti lówà. Iṣẹ́ kan náà ni.

Nígbà tí a ṣí ìdérí agolo, a rí ohun tó pa á. Rọ́bà pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ìdérí ti wú, ó ti di wẹ́lẹ́wẹ̀lẹ̀ bí etí erin, kò lè padà sí àyè rẹ̀ mọ́. Mo béèrè pé ọ́ìlì wo ni wọ́n ń dà sí i. Arákùnrin wa ní òun rí i pé ó ti fà sílẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, òun sì ní kí wọ́n bá òun rọ ọ́ kún. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni wọ́n rọ sí i. Ihò kékeré wa kò dí rárá! Rọ́bà ẹnu písítìn ọ́pà ló wú, tí písítìn kò fi lè padà dé ẹ̀yìn pátápátá mọ́, ó sì jókòó lé ojú ihò náà.

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ọ́ìlì bíréèkì kì í ṣe ọmọ ìyá ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, kì í sì í ṣe ọmọ ìyá ọ́ìlì síárìn. Lára Honda àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí mo dárúkọ, ọ́ìlì bíréèkì ni ti kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí agolo, á sọ DOT 3 tàbí DOT 4. Kíkán kan ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó láti bẹ̀rẹ̀ sí í ba àwọn rọ́bà inú rẹ̀ jẹ́. DOT 5 ní tirẹ̀, sílíkọ́ọ̀nù ni, kò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé DOT 5.1 lè dà pọ̀ mọ́ DOT 4. Orúkọ wọn jọra láti tan ènìyàn jẹ ni. Àwọn KTM kan tí kílọ́ọ̀ṣì wọn jẹ́ ti Magura wà tó jẹ́ pé òdì rẹ̀ ni: ọ́ìlì tiwọn yàtọ̀, bí ẹ bá da DOT sí i, ẹ ti bà á jẹ́. Ìdérí agolo ni kí ẹ kà, ẹ má gba tẹnu mi.

Ohun mìíràn sì wà nípa ọ́ìlì bíréèkì. Ó máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bó bá ti fa omi sínú dé ìwọ̀n kan, òfin gbà á láyè kó hó ní 155. Omi náà á máa dá ìpẹtà sínú ọ́pà àti lówà, ìpẹtà á máa họ rọ́bà. Nítorí náà, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì, pàápàá lẹ́yìn òjò. Èyí tí ẹ bá ṣí tó kù sínú agolo títí di àmọ́dún, ẹ má lò ó. Mo mọ̀ pé ẹ ó ní akọ̀wé fẹ́ tajà ni. Bẹ́ẹ̀ ni, mò ń tajà. Ṣùgbọ́n ìgò ọ́ìlì kan kò tó owó péléètì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti àìsàn kejì, òun ló wọ́pọ̀ jù: kí ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kó sì wá lẹ̀ mọ́ ọwọ́ alùpùpù láìṣe nǹkan kan, jíà á máa ké bí ẹni ń lọ ògì, tàbí alùpùpù á máa fẹ́ lọ nígbà tí o dúró sí ojú iná. Ẹ kọ́kọ́ wo agolo. Bí ọ́ìlì bá wà níbẹ̀ tó pé, ẹ máa fún ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì léraléra kíákíá. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í le, afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀, sírínjì tí mo fi hàn yín lẹ́ẹ̀kan nìyẹn. Bó bá le, tí ẹ dì í mú tó sì ń rọra sá wọlé, rọ́bà ọ́pà ló ń jẹ́ kí ọ́ìlì sá padà, tàbí kí lówà máa jò. Bí ọ́ìlì bá dín nínú agolo, ibì kan ni ó ń bá lọ: ẹ wo abẹ́ ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì bóyá ó ń rin, ẹ sì yọ ìdérí jíà ṣéènì kí ẹ wo ẹ̀yìn lówà. Gíríìsì ṣéènì àti eruku ọyẹ́ máa ń dì mọ́ ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò fi ní mọ̀ pé ọ́ìlì ń jò lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀dà ara irin ibẹ̀ ń ṣí, ọ́ìlì bíréèkì ló jẹ ẹ́.

Bí a ti ń yọ afẹ́fẹ́ kúrò: ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sómi bo tánkì, nítorí ọ̀dà rẹ̀. Ẹ nu agolo mọ́ kí ẹ tó ṣí i. Ẹ yí ọwọ́ alùpùpù títí agolo á fi wà ní ibi tó ga jù. Ẹ fi sírínjì fa ọ́ìlì àtijọ́ kúrò nínú agolo, ẹ rọ tuntun sí i. Ẹ fi rọ́bà wẹ́rẹ́ tí a lè rí inú rẹ̀ sí nípù lówà, kí ẹnu rẹ̀ kejì wà nínú ìgò tí ọ́ìlì díẹ̀ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí ẹnìkan fún ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì bí ẹ̀ẹ̀mẹta, kó dì í mú. Kí ẹnìkejì tú nípù, kí ọ́ìlì àti afẹ́fẹ́ jáde, kó dì í padà. Ìgbà náà ni kí ẹni àkọ́kọ́ tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin ló máa ń bá mi di tòkè mú, ibi tó sì máa ń ṣàṣìṣe sí nìyẹn, á ti jọ̀wọ́ rẹ̀ kí n tó dì í. Afẹ́fẹ́ á tún fà wọlé, a ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọ́ìlì agolo gbẹ láéláé nígbà tí ẹ bá ń ṣe é.

Nígbà mìíràn, ẹ ó ṣe é títí, kò ní le. Afẹ́fẹ́ máa ń gòkè ni, àwa sì ń fẹ́ kó gba ìsàlẹ̀ jáde. Ó máa ń sá pamọ́ sí ibi tí họ́ọ̀sì ti wọ ara ọ́pà. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan fún ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi àkísà yí nọ́ọ̀tì họ́ọ̀sì tòkè ká, kí ẹ tú u díẹ̀, kí ẹ sì dì í kíákíá. Bó bá tún kọ̀, ẹ fi sírínjì ńlá ti ọ́ìlì tuntun láti ojú nípù ìsàlẹ̀ gòkè, ẹ máa wo agolo kó má kún dànù. Ẹlòmíràn a máa fi okùn di ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì mọ́ ọwọ́ alùpùpù di ọjọ́ kejì. Bí wọ́n bá tú u ní òwúrọ̀, afẹ́fẹ́ tó kù á ti gòkè wá sí ẹnu ihò, á sì jáde sínú agolo. Mo ti ṣe é rí, ó ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ihò kékeré ṣí, ẹ ṣí agolo, kí ẹ rọra fún ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀ báyìí. Ẹ ó rí i tí ọ́ìlì á ta pín-ín bí ìsun omi kékeré. Ẹ má gbé ojú lé e lórí. Bí kò bá ta, tí písítìn sì ti padà dé ẹ̀yìn, ihò ti dí. Fọ́nrán irin kan ṣoṣo tí a yọ lára wáyà alùpùpù ni a fi ń là á, kì í ṣe ìṣó, kì í ṣe abẹ́rẹ́ líle tí yóò mú kí ihò gbòòrò. Bákan náà, bí ẹ bá ti pààrọ̀ ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì sí èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹ wò ó bóyá òun ló ń ti písítìn díẹ̀ tí kò jẹ́ kó padà. Ó gbọ́dọ̀ ní fàájì díẹ̀ kí ó tó kan písítìn.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn tó ń ra ọ́pà tòkunbọ̀. Wọ́n sábà máa ń tẹ ìwọ̀n inú rẹ̀ sí ara rẹ̀, bíi 14 tàbí 5/8. Ẹ má gba èyí tó bá ṣáà ti wọ̀ ọ́. Bí tiyín bá jẹ́ 14, tí wọ́n fún yín ní 16, ọ́ìlì tí yóò máa tì yóò fi nǹkan bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọwọ́ yín á sì máa ro yín. Bó bá kéré jù, á rọ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n péléètì kò ní yà kúrò lára ara wọn tán.

Àwọn ìyókù kò pọ̀. Alùpùpù tó ti jókòó fún oṣù mélòó kan, ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ le dáadáa ṣùgbọ́n jíà kò wọlé: péléètì ló lẹ̀ mọ́ra, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná ná. Bí kò bá sì sí ọ̀rọ̀ ọ́ìlì bíréèkì níbẹ̀ tí kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀, ẹ wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí ẹ rọ sí i, nítorí inú rẹ̀ ni péléètì wọ̀nyí ń gbé. Àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan wà tí wọ́n fi ohun tó ń yọ̀ sí. Èyí tí wọ́n bá kọ JASO MA sí lára ni ẹ rà fún alùpùpù. Bí ẹ bá sì tú lówà kúrò lára ẹ́ńjìnnì, kí ọmọ kékeré kan má lọ fún ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì o, nítorí pé písítìn á fò jáde.

Láti parí ti arákùnrin wa: a pààrọ̀ gbogbo rọ́bà ọ́pà àti ti lówà, a ra họ́ọ̀sì mìíràn nítorí pé ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ti wọ inú ti àtijọ́, a sì fọ ibi gbogbo pẹ̀lú ọ́ìlì bíréèkì tuntun. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 31,500 náírà, kò pé ìdá kan nínú márùn-ún owó tí ó fẹ́ yá. Àwọn péléètì àkọ́kọ́ tí wọ́n yọ dànù, mo ní kí ó kó wọn wá. Wọ́n nípọn, kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Nítorí náà, mo ti yọ iye tí ó san fún péléètì lọ́wọ́ mi kúrò nínú owó rọ́bà àti họ́ọ̀sì, ó sì wà nínú ìwé ìsọ̀ mi fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó. Ìwé ẹ̀bẹ̀ 180,000 náírà, ó ti gbà á padà. Akápò, ẹ lè fi ìlà pa á. Láti oṣù tó kọjá, ẹnikẹ́ni tó bá wá ra péléètì kílọ́ọ̀ṣì ọlọ́ìlì lọ́wọ́ mi, mo máa ń bi í kí n tó mú ọjà pé, “Ṣé òwúrọ̀ ló ń yọ̀, àbí ìgbà tó bá gbóná?” Àwọn kan máa ń bínú.

Alùpùpù náà wà níta lábẹ́ igi dógóyárò. Arákùnrin wa ti gbà pé kí a ṣí agolo rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rí ihò kékeré náà pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Kí ẹ jáde ní méjì méjì, kí ẹni tó wọ agbádá ká ọwọ́ rẹ̀ sókè.